Ìwé Ọ̀kadà Tí Ọ̀gá Àlíù Ń Wá Kiri

Ní àdúgbò wa ní Ìbà, bí ọ̀kadà ẹnì kan bá ń ṣe bákan, ọ̀dọ̀ Àlíù ni wọ́n máa ní kó gbé e lọ. Mẹkáníìkì ni, iwájú ilé ara rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí kì í so. Kì í bi èèyàn pé kí ló ṣe ọ̀kadà rẹ̀. Yóò kàn ní, "Fún un níná." Wọn á fún un níná. Yóò fi ẹnu sukurudíráfà kan ara ẹ́ńjìnnì, yóò gbé ìdí rẹ̀ ti etí ara rẹ̀, yóò sì dijú. Ìgbà tó bá lajú ni yóò wá sọ ohun tó bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń rí bó ṣe wí.

Gbogbo mẹkáníìkì ọ̀kadà láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjànikin ló ń fi etí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ti Àlíù yàtọ̀. Àwọn ọlọ́kadà ní ó lè wà nínú yàrá, kó mọ ọ̀kadà ta ló ń bọ̀ àti ohun tó yẹ kí onítọ̀hún tún ṣe lára rẹ̀. Ọ̀gá Elétí ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Etí yẹn ló wá ń lọ. Èmi ò rí ohun ìyanu kankan nínú ìyẹn. Ẹni tó ti ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú sàlẹ́ńsà rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tún ń ké sí létí lójoojúmọ́, kí ló rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Àwọn ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ: fóònù tó ń dún nínú àpò rẹ̀, ohùn ìyàwó rẹ̀ láti ilé ìdáná, lẹ́yìn náà tápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tápẹ́ẹ̀tì jẹ́, nítorí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Irin kékeré kan ni, orí ẹ́ńjìnnì ló wà, òun ló ń ti fáàfù kó lè ṣí. Àlàfo tín-ín-tín gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti fáàfù. Bí àlàfo náà bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa ró ta-ta-ta, bí ẹni tó ń gé ilá lórí pákó. Bí kò bá tó, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n á máa gbóná, agbára rẹ̀ á sì máa dínkù títí fáàfù á fi jó. Etí ni Àlíù fi ń wá àárín méjèèjì.

Ọjọ́ tí àṣírí kọ́kọ́ fẹ́ tú, ọ̀kadà Adékúnlé ló ń tún ṣe. Ajángbádì ni Adékúnlé ń gbé, ó sì máa ń gbé èrò láti Ìyànà Ìbà wọ inú àdúgbò wa. Àlíù yí tápẹ́ẹ̀tì, ó dì í, ó fi ọwọ́ gbá ìjókòó ọ̀kadà náà, ó ní, "Ó ti parí. Máa gbé e lọ." Ẹ́ńjìnnì ń ró ta-ta-ta. Gbogbo wa tá a wà níta ló yíjú. Ọkùnrin tó ń fá irun lódìkejì títì dá abẹ dúró. Adékúnlé wo ojú Àlíù, Àlíù sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ṣe dáadáa.

Rùkáyàt, ìyàwó Àlíù, jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń ta ọṣẹ àti mílíìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ó pariwo pé, "Bàbá Àrínọlá, ó ṣì ń ró o!" Ọkọ rẹ̀ kò yíjú. Ó tún pè é. Níkẹyìn ó dìde, ó wá di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó sì gbọn orí. Àlíù wo ojú rẹ̀ pẹ́, ó sì tún tú orí ẹ́ńjìnnì náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni Rùkáyàt ti yí àga rẹ̀ padà kó lè máa dojú kọ abẹ́ igi. Bí wọ́n bá ti fún ọ̀kadà níná, Àlíù á dijú díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú sukurudíráfà létí, kó lè jọ iṣẹ́. Á wá fi igun ojú wo ṣọ́ọ̀bù. Bó bá kù, ìyàwó rẹ̀ á gbọn orí. Bó bá ti dáa, á mi orí lẹ́ẹ̀kan, á sì máa bá ọṣẹ tó ń tò lọ. Wọn ò jókòó sọ ọ́ rí. Ọmọ iṣẹ́ tó ní kẹ́yìn ti gba fìríìdọ̀mù, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò sì wá kọ́ṣẹ́ mọ́, torí náà kò sí ẹlòmíì tí ì bá máa bá a gbọ́ ọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ọgbọ́n mìíràn ló ń dá sí ìyẹn. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ tí kò gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, "A dúpẹ́ o." Ó yani lẹ́nu bí ìdáhùn yẹn ṣe ń bá ọ̀rọ̀ púpọ̀ mu. Ọjọ́ tó bà jẹ́ ni ọjọ́ tí ọkùnrin kan wá sọ fún un pé ìyá òun ti kú. Orí ló yọ ọ́ pé arúgbó ni ìyá náà, tí onítọ̀hún fi rò pé ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń dúpẹ́ fún.

Rùkáyàt ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù, pé ohun kan wà tí wọ́n ń fi sí etí. Àlíù fi ìbínú kọ̀. Ó ní, "Mẹkáníìkì tó bá ti fi nǹkan sí etí, kí ló kù tí wọ́n ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á ti gbé ọ̀kadà wọn lọ sí Okokomaiko." Mo gbà pé kò parọ́. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló mọ̀, orúkọ tí wọ́n sì fún un nínú iṣẹ́ náà, etí ló wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bá a yí nìyẹn títí Àrínọlá, ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn, fi wọ oṣù rẹ̀. Oyún àkọ́kọ́ ni. Ta ni yóò lọ wẹ ọmọ tuntun bí kò ṣe ìyá ìyàwó? Kò sẹ́ni tó ń béèrè irú ìyẹn. Rùkáyàt ti ń ra ọṣẹ dúdú àti àdí sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn, bó bá sì lọ, ó di ìgbà tí ọmọ bá le kó tó padà. Inú Àlíù náà dùn sí ọmọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó máa ń jí láàárọ̀, á wo àga ìyàwó rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ ò sì ní lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó wá rántí ohun kan tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n so pọ̀ bí ewé ìwé, fílà géèjì ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà sì wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tọ̀nà ni wọn á ki sí àlàfo tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí wọ́n sì ti pa á. Ojú àti ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń ní àwọn tí kò ní etí ló ń lo irú ẹ̀.

Ó rí fílà géèjì rà ní Alábà láìsí wàhálà. Ìgbò tó tà á fún un wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, "Oga, na motor people dey buy this one o." Àlíù rẹ́rìn-ín, ó ní, "A dúpẹ́ o." Àmọ́ irin náà ò lè sọ fúnra rẹ̀ pé èwo lára òun ni kó lò. Inú ìwé àtúnṣe ọ̀kadà náà ni nọ́ńbà wà. Bí wíwá ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Ṣọlágbadé ló kọ́kọ́ lọ, ẹni tó ń ṣe fọ́tòkópì tó sì ń ta ògbólógbòó ìwé nítòsí géètì yunifásítì. Ṣọlágbadé kì í sọ pé òun ò ní nǹkan. Ó wọlé, ó gbé ìwé kan jáde tó ki bíi búrẹ́dì. Àlíù rà á. Ó ń fi ìka tẹ̀lé èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Òyìnbó kan ló wà nínú àwòrán, nínú gáréèjì tó mọ́ ju yàrá mi lọ, ó ń tú ọ̀kadà tó tó mọ́tò kékeré. Ọ̀kadà inú ìwé náà kò lè wọ àdúgbò wa, kò sì sí ẹni tó máa gbé e wá bá Àlíù láéláé.

Ó dá ìwé padà. Ṣọlágbadé ní kó fọkàn balẹ̀, kó kàn dárúkọ tó wà lára táńkì ọ̀kadà náà. Àlíù dárúkọ ọ̀kadà Íńdíà tí gbogbo ọlọ́kadà ibí ń gùn. Ṣọlágbadé wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fi ike ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹwà. Nọ́ńbà tápẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ kedere. Inú Àlíù dùn débi pé ó fi bírò pupa yí i po.

Ọ̀kadà Adékúnlé ló kọ́kọ́ fi dánwò. Ó ṣe é nígbà tó tutù, kò wo ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n fún un níná, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ jẹ́ẹ́, Rùkáyàt gan-an sì mi orí láti ọ̀ọ́kán. Ta ni ì bá mọ̀ pé ó ti há jù? Tápẹ́ẹ̀tì tó há kì í pariwo, etí Rùkáyàt ò sì lè gbọ́ ohun tí kò dún.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Adékúnlé ń ti ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀ nínú oòrùn, àwọn tó gbé ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣépè. Fáàfù ti jó. Àlíù ra òmíràn sí i, kò gba kọ́bọ̀, kò sì wí àwíjàre. Ó gbé ìwé oníke náà padà lọ, Ṣọlágbadé sì tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan.

Ó ní, "Háà, Ọ̀gá. Ti àtijọ́ lèyí o. Orúkọ ò yí padà, àmọ́ wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ìwé tó bá ọ̀kadà yẹn wá nínú páálí lẹ máa wá."

Ìwé inú páálí! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé gbogbo ọlọ́kadà ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe ìwé yẹn. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Bí ọlọ́pàá bá dá ọlọ́kadà dúró, ohun tó ń béèrè ni ìwé ọ̀kadà, torí náà ohunkóhun tí wọ́n bá ti tẹ lẹ́tà sí tó bá ọ̀kadà dé, ìwé ọ̀kadà ni lójú oníǹkan. Inú ọ̀rá ló máa ń wà, pẹ̀lú rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé ìbí àwọn ọmọ, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí mẹkáníìkì wá ní kí o yá òun ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó dà bí ìgbà tí ará ilé kejì bá ní kí o yá òun ní ìwé ilé rẹ.

Modúpẹ́ ló kọ́kọ́ bi, obìnrin tó ra ọ̀kadà tó sì gbé e fún ẹnì kan pé kó máa fi ṣiṣẹ́ fún òun. Modúpẹ́ fò dìde. "Ọ̀gá Àlíù, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ọ̀kadà mi ṣe? Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ tà á?" Àlíù ò lè sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni, ìyẹn sì tún burú ju kó dákẹ́ lọ.

Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò. Wọ́n ní Àlíù ń gba ìwé ọ̀kadà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Àwọn kan ní ó ti bá àwọn tó ń jí ọ̀kadà da pọ̀. Àwọn kan ní rárá, àwọn tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀kadà ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀kan nínú wọn wá gbé ọ̀kadà tí Àlíù tú sílẹ̀, ó ń tì í lọ láìní púlọ́ọ̀gì lórí, ó ní òun ti rí ẹlòmíì tó máa parí rẹ̀. Inú bí èmi gan-an nígbà tí mo gbọ́. Ọkùnrin tó ti tún ọ̀kadà wọn ṣe láti ìgbà tí títì yìí ṣì jẹ́ ẹrẹ̀, ó wá di olè nítorí ìwé tí wọn ò ṣí wò rí!

Àrínọlá bí ọkùnrin. Rùkáyàt di ẹrù rẹ̀, ọjọ́ Sunday ni yóò lọ. Ní ọ̀sán Sátidé, Àlíù wọ bùbá tó mọ́, ó gba Ajángbádì lọ sílé Adékúnlé. Ẹni tí ó ba ọ̀kadà rẹ̀ jẹ́ ló yàn lọ bá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé bí ẹni yẹn bá bú òun, kò ní dun òun tó ti ẹlòmíì.

Ìjọ aláṣọ funfun ni Adékúnlé ń lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sùtánà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìsìn ọ̀la. Ó gbé àga fún àlejò rẹ̀. Fáànù ń yí lókè, ó ń kùn.

"Kúnlé," Àlíù ní, "ìwé kékeré tó bá ọ̀kadà rẹ wá nínú páálí, ṣé ó ṣì wà?"

Adékúnlé sọ nǹkan kan. Àlíù rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì, ariwo fáànù nìkan ló gbọ́. Ẹ̀rín ti fẹ́ dé ojú rẹ̀, ó ti fẹ́ ní a dúpẹ́ o. Ó gbé e mì.

"Etí mi ò gbọ́ mọ́, Kúnlé," ó ní. "Tọ̀tún ti lọ tán. Tòsì ló kù díẹ̀. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ máa fi ṣiṣẹ́. Ìyá Àrínọlá ń rìnrìn àjò lọ́la."

Adékúnlé pa fáànù. Ó sún àga rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ òsì, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ọ̀gá, ta ni ò mọ̀?"

Àlíù wò ó.

"Ojú màmá la máa ń wò. Bí wọn ò bá tíì mi orí, kò sẹ́ni tó máa gbé ọ̀kadà ẹ̀ kúrò lábẹ́ igi yẹn. Bá a bá rí i pé ṣọ́ọ̀bù wọn tì, a máa ń kọjá lọ ni, a ó tún padà wá lọ́la. Ẹ má bínú o, Ọ̀gá. A ò fẹ́ dójú tì yín ni."

Inú kọ́kọ́ bí Àlíù. Lẹ́yìn náà ojú tì í débi tó fi ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo dídijú yẹn, gbogbo sukurudíráfà tó ń gbé ti etí, àṣé eré ló ń ṣe fún àwọn tó ti mọ òpin rẹ̀. Wọ́n ń ṣàánú òun, òun sì rò pé wọ́n ń yin òun. Ó dùn ún gan-an. Ó jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó Adékúnlé fi gbé omi wá.

Adékúnlé ní, "Fáàfù tó jó lọ́jọ́sí, ẹ̀yin lẹ rà á, ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé wà. Ẹ jẹ́ n mú un wá."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti wá, inú ọ̀rá mẹ́ta. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi dì í gan-an ò tíì ya. Adékúnlé wá bíléèdì, ó fi rọra la etí ọ̀rá náà kí ó má bàa bàjẹ́. Àmọ́ kò fi ìwé sílẹ̀ fún Àlíù. Ó di etí kan mú, Àlíù di èkejì mú, àwọn méjèèjì sì ń ṣí i pọ̀ bí àwọn ọmọ kéwú tó ń ka wàláà kan náà. Wọ́n rí nọ́ńbà méjì níbi tó kù díẹ̀ kí ìwé tán: ọ̀kan fún fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ọ̀kan fún èyí tí èéfín ń gbà jáde. Adékúnlé gbà kí Àlíù fi fóònù ya ojú ìwé yẹn. Kò gbà kó ya èèpo iwájú. Ó fọkàn tán an lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀kadà ni.

Rùkáyàt lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní Monday, àwọn ọlọ́kadà mélòó kan wà lábẹ́ igi. Ọ̀kan nínú wọn wo ṣọ́ọ̀bù tó tì, ó ní, "Màmá ò sí o," ó sì ń yí ọ̀kadà rẹ̀ padà. Adékúnlé gbé tirẹ̀ síwájú Àlíù.

Ẹ́ńjìnnì ti tutù láti àná. Àlíù kò ní kí wọ́n fún un níná. Ó ṣí orí rẹ̀, ó wo fóònù, ó mú ewé irin tó bá nọ́ńbà mu, ó ki í bọ àlàfo. Ó ń fà á síwá sẹ́yìn, ó ń yí tápẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀, títí irin náà fi ń di ọwọ́ mú díẹ̀, bíi pépà tí èèyàn ń fà jáde lábẹ́ ìwé tó wúwo. Ó ṣe ìkejì. Ó dé e. Ó nu ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àwọn tó wà níbẹ̀ ò mọ ibi tí wọn yóò fi ojú sí, nítorí wọn ò rí i kó ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Adékúnlé fún un níná, ó bá tirẹ̀ lọ. Àlíù ń wo ojú àwọn ará títì. Kò sẹ́ni tó yíjú. Onígbàjámọ̀ ń fá irun rẹ̀ lọ. Ìyẹn fi hàn pé àlàfo rẹ̀ kò pọ̀ jù débi tí á fi máa pariwo, ṣùgbọ́n ti ìṣáájú náà kò pariwo, ó sì jó. Ó ní láti dúró.

Àárọ̀ yẹn, Adékúnlé gbé èrò lọ Ìyànà Ìbà, ó gbé wọn bọ̀, ó tún lọ. Oòrùn ti mú gan-an nígbà tó padà wá dúró lábẹ́ igi, kò pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọlọ́kadà ṣì jókòó, ẹni tó fẹ́ yí padà náà sì wà níbẹ̀. Adékúnlé la ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí Àlíù.

Àlíù kò gbọ́. Ẹ̀rín ti wà lójú rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó nu ojú náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

"Mi ò gbọ́," ó ní, pẹ̀lú ohùn rara ẹni tí kò mọ bí ohùn òun ṣe pọ̀ tó. "Etí mi ò gbọ́. Sún mọ́ ibí, kó o wí i sókè."

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́, ó ku ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fẹ́ yí padà láàárọ̀ ń wo ilẹ̀. Adékúnlé sọ̀ kalẹ̀, ó wá gbé ẹnu sí etí òsì Àlíù, ó pariwo tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́.

"Mo ní, ṣé ẹ ti jẹun? Màmá ò sí nílé!"

Àlíù dúró bóyá ọ̀rọ̀ ọ̀kadà máa tẹ̀lé e. Kò sí. Adékúnlé ò ní nǹkan kan láti sọ nípa ọ̀kadà. Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí ìdáhùn.

"Rárá," Àlíù ní. "N ò tíì jẹun."